Aṣọ Kánfáàsì Tí N Kò Fi Wé Yín

Bàbá mi, ẹni tí mo jọ lójú jọ lágídí,

Mo kúnlẹ̀ o, bí orúnkún tilẹ̀ ń bá mi jà.

Mo ti ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Àbíkẹ́yìn mi, Dúpẹ́, ló bímọ, mo lọ bá a wẹ ọmọ. Mo ti wà nílé mi ní Mówè báyìí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì bá mi bọ̀.

Dúpẹ́ ló mú mi lọ wo ọkọ̀ ogun ojú omi kan. Ó ti pẹ́ tó ti jagun tán. Wọ́n dè é mọ́ etí omi bí ewúrẹ́, wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Mo ní kí ni n ó wò lára irin? Àṣé ilé yín ni mo ń lọ. Ẹ máa ń sọ pé inú irú rẹ̀ lẹ ti ń ko èédú síná nígbà ogun àwọn òyìnbó, àwa a sì máa rẹ́rìn-ín.

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ dúró ṣánṣán. Mo kọ̀ kí ẹnikẹ́ni dì mí mú, ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni mo ti rí i. Aṣọ kánfáàsì tí wọ́n so kọ́ láti òpó dé òpó fún oorun, bíi tiyín gẹ́lẹ́, èyí tí ẹ ń sùn sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ifọ̀, tí wọ́n fi ń pè yín ní Bàbá Àdán.

Ọkùnrin tó ń mú wa káàkiri sọ̀rọ̀, Dúpẹ́ sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní bí ọ̀kan nínú wọn bá kú sórí òkun, aṣọ tó ń sùn sí náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń rán mọ́ ọn lára. Kò sí ẹ̀yẹ tó ju ìyẹn lọ lójú wọn.

Bàbá, ohun tí ẹ bẹ̀ mí nìyẹn. Kí ló dé tí ẹ kò ṣàlàyé? Mo ní ọmọ ta ni yóò fi àkísà sin bàbá rẹ̀ lójú gbogbo Ifọ̀? Ẹ kàn yíjú sí ògiri. Mo ra pósí onídígí, mo wọ léèsì funfun fún yín, wọ́n ní mo ṣe bẹbẹ, orí mi sì wú. Ṣé léèsì yẹn há yín láyà?

Kánfáàsì yín, láfún ni mo ń sá lé e lórí láti ọjọ́ náà. Kò ya. Ọjọ́ tí mo dé ni mo gbọ̀n ọ́n, mo fi ọwọ́ ara mi fọ̀ ọ́. Àwọn òrùka irin etí rẹ̀ ṣì pé.

Mo pe Dúpẹ́ lórí fóònù, mo ní bí mo bá kú, kánfáàsì náà ni kí wọ́n fi wé mi. Ó pariwo mọ́ mi: “Màmá, láéláé! Ṣé kí ayé lè ní a ò tọ́jú yín ni?”

Ohùn tèmi gan-an ni, Bàbá. Ó kù díẹ̀ kí n yíjú sí ògiri bíi tiyín. Ṣùgbọ́n mo ṣàlàyé. Mo ní, “Kì í ṣe aṣọ mi. Bàbá mi ni mo fẹ́ gbé e lọ fún.” Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ má tún sá láfún lé e mọ́, Màmá.”

Ẹ bá mi wá òpó méjì sílẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tí etí rẹ̀ pẹ́ kó tó là, tó sì fẹ́ràn yín.