Sípíríǹgì Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Dè

Ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù Kẹta

Ìpàdé ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ asáré lónìí, ní pápá ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fọ Pupa, mo nù ún títí mo fi rí ojú ara mi lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Pupa ni mo ń pe ọkọ̀ mi – ilẹ̀kùn méjì péré, ó ti lé lógún ọdún. Orogún ni ìyàwó mi ń pè é.

Alága ẹgbẹ́ yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ọkọ̀ náà dára o, àmọ́ ó ga nílẹ̀ bí ewúrẹ́ tó ń yẹra fún ẹrẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo délé, mo mú téèpù tí mo fi ń wọnlẹ̀ níbi iṣẹ́, mo wọn àyè tó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án. Ọmọ àádọ́ta ọdún, lórí ìkúnlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Kẹta

Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Sípánà Àgbà. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń tọ́jú ọkọ̀ mi. Òun ló jí Pupa dìde nígbà tí mo rà á, tí kò ju páànù lásán lọ. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ sípíríǹgì kúkúrú, kí ọkọ̀ lè sún mọ́ ilẹ̀. Kò bú mi. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde, ó ní ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní àwọn ṣọ́kì tó ń gba kòtò mọ́ra fún ọkọ̀ mi ti gbó, wọn ò lè gbé èyí tó bá kúrú jù. Táyà á máa ha ara ọkọ̀ bí mo bá ti já sí kòtò.

Mo ní ó dáa. Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 8 oṣù Kẹta

Mo ti ránṣẹ́ ra sípíríǹgì tó ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Kẹta

Wọ́n dé. Mẹ́rin, dúdú, wọ́n ń dán. Mo gbé wọn lọ fún Sípánà Àgbà bí ọmọdé tó gba ẹ̀bùn. Ó gbé ọ̀kan, ó fi wé ògbólógbòó kan tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó dá a padà sínú páálí.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mi ò ní fi ọwọ́ mi ṣe é. Bí nǹkan bá ṣe yín, orúkọ mi ni wọ́n máa pè.”

Mo ní kò burú, màá gbé e lọ síbòmíràn. Inú bí mi. Ta ló ni ọkọ̀? Nígbà tí mo délé mo pinnu – èmi fúnra mi ni màá ṣe é. Kí ló le níbẹ̀? Tú u, yọ ọ́, fi òmíràn sí i, dè é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù Kẹta

  Ó rẹ̀ mí.

Aago méje àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, nínú àgbàlá. Ti ẹ̀yìn kò pẹ́ parí. Mo wá fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, mo ki ìdúró irin sábẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì ti ìsàlẹ̀ ti dípẹtà. Mo gun orí sípánà kí n tó rí i tú. Mo yá irin méjì tí wọ́n fi ń fún sípíríǹgì pọ̀. Ẹ̀rù nǹkan yẹn bà mí. Sípíríǹgì tí wọ́n fún pọ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí ajá tó ń wo èèyàn láìgbó.

Ti apá ọ̀tún jókòó dáadáa. Ti apá òsì kò gbọ́ràn. Ó yẹ kí ẹnu rẹ̀ wọ inú ihò tó wà fún un nínú àwo ìjókòó rẹ̀. Mo yí i, mo yí i. Ó ku bí ìbú ìka kan. Agogo mẹ́rin ti lù, òòrùn ti sun mí lẹ́yìn ọrùn. Mo ní yóò jókòó fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti balẹ̀. Mo dè é bẹ́ẹ̀.

Adájọ́ – ìyàwó mi – ń wò mí láti ojú fèrèsé kíṣìnnì látàárọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ló gbé omi wá fún mi. Ó bi mí ṣé Bàbá, ìyẹn Sípánà Àgbà, ò lè wá wò ó. Mo ní Bàbá ti darúgbó, ẹ̀rù ohun tuntun ń bà á.

Mo sọ Pupa kalẹ̀. Olúwa mi! Ó rẹwà. Ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ológbò tó fẹ́ fò.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù Kẹta

Mi ò fẹ́ kọ eléyìí. Màá kọ ọ́.

Adájọ́ bá mi lọ sí ìpàdé. Kò tíì lọ rí. Ó ní òun fẹ́ rí ibi tí Orogún ń gbé ọkọ òun lọ. Bí a ṣe ń yà wọ pápá, apá òsì dún – gbàm. Mo tún yí ọwọ́ ọkọ̀, gbàm. A gun gegele ẹnu ọ̀nà, táyà ha ara ọkọ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ń ya aṣọ. Gbogbo orí yí sí wa.

Wọ́n pé lé e lórí. Oníṣègùn eyín, tó ní ọkọ̀ aláwọ̀ ewé, dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó ní sípíríǹgì kò jókòó sí àyè rẹ̀, pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí fẹ́ pààyàn. Alága bi mí pé ta ló bá mi ṣe é.

Ojú mẹ́wàá ń wò mí. Mo rí ẹ̀rín ewúrẹ́ tó tún fẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn. Mo dárúkọ Sípánà Àgbà.

Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Oníṣègùn eyín ní háà, ọkọ̀ tòun náà wà lọ́wọ́ bàbá yẹn, fún bíréèkì. Alága ní ọjọ́ ogbó ti dé bá a nìyẹn, ojú rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo mi orí!

Adájọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di báàgì rẹ̀ mú.  Títí a fi délé kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Kẹta

Ó gbé oúnjẹ fún mi, ó kí mi káàárọ̀. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù Kẹta

Bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ti kúrò níbẹ̀. Ti Alága, tó máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, náà ti kúrò. Sípánà Àgbà jókòó lórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó káwọ́ gbera, láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Mo fi ìwé bojú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù Kẹta

Ó pè mí lórí fóònù. Ó kí mi, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè iṣẹ́. Ó wá ní oníṣègùn eyín sọ fún òun pé èmi ni mo sọ pé òun ló dè sípíríǹgì yẹn.

Ó ní, “Mo sọ fún un pé irọ́ ni, pé ẹ ò lè sọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Mo mọ̀ yín.”

Ọ̀nà àtijẹ́wọ́ ṣí sílẹ̀ níwájú mi, gbọọrọ. Mi ò gbà á. Mo ní wọ́n ṣì mí gbọ́ ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ti mọ̀.

Irọ́ kejì. Èyí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ẹni tó dúró tì mí ni mo pa á fún.

Mo ń wọnlẹ̀ fún àwọn èèyàn láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Bí ilé ẹnì kan bá wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, mo máa ń sọ ọ́ lójú onílé.

Ọjọ́rú, 29 oṣù Kẹta

Adájọ́ sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn. Ó ń ká aṣọ. Kò wo ojú mi.

“Nígbà tí o dárúkọ Bàbá, mo rò pé wàá yí ohùn padà ká tó délé. Mo ń dúró dè ọ́ láti ìgbà náà.”

Ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ń dúró dè mí fún ọjọ́ mẹ́wàá. Mo wọ balùwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀ kó má baà gbọ́ ẹkún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Kẹrin

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ sí ìpàdé. Adájọ́ ní òun ń bọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jókòó sílé. Èmi nìkan ni mo pa irọ́ náà, èmi nìkan ni kí n lọ jẹ́wọ́.

Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ dáadáa. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ohun tí mo rí sọ ni pé, “Èmi ni mo dè é. Bàbá kìlọ̀ fún mi, kò fọwọ́ kàn án. Mo parọ́ mọ́ ọn.”

Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni. Lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Alága ń wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀. Oníṣègùn eyín ló bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo – ṣé mo mọ ohun tí òun sọ sí bàbá arúgbó náà lójú? Ó ní òun sọ fún un pé kó lọ jókòó sílé kó tó pààyàn.

Mi ò mọ̀. Bàbá kò sọ ìyẹn fún mi lórí fóònù.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹrin

Mo gba àyè níbi iṣẹ́. Mo rọra wa Pupa lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ti padà síbẹ̀, orí jáàkì ló wà. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tó kún fún ọ́ìlì. Sípánà Àgbà ní kí n dìde, kí n má ba aṣọ mi jẹ́. Ó ní wọ́n ti pe òun, wọ́n ti bẹ òun, gbogbo rẹ̀ ti tán nínú òun.

Mo ní mo ti ra ti sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ tó ní kí n rà. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó bá mi fi wọ́n sí i.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan tẹ̀lé ìkejì.

Ó ní, “Mo ti dárí jì yín, Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n mi ò ní tọ́jú ọkọ̀ yín mọ́.”

Kò pariwo. Ó júwe ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan fún mi, ẹ̀yìn ilé epo, ó ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní kí n rọra wa ọkọ̀ débẹ̀, kí n má yí ọwọ́ rẹ̀ délẹ̀ sápá òsì. Mo dúpẹ́. Ó ti padà sábẹ́ ọkọ̀ aláwọ̀ ewé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí.