Ìdọ̀bálẹ̀ Délé Nínú Ọgbà Kìnnìún

Màmá mi ní Ayétòrò, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí a pínyà lẹ́yìn ìsìnkú àbúrò mi Délé. Mo kí Bàbá, mo kí gbogbo ará ilé. Òjò ń rọ̀ gan-an níbí, lódìkejì ẹnubodè. Ẹran tí mò ń gé fún àwọn ẹranko kì í pẹ́ rùn.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé ta ni Délé ṣẹ̀ tó fi rán kìnnìún sí i. Màmá, kò sẹ́ni tó rán an.

Délé ló fi fídà tọ́ kìnnìún yẹn láti kékeré nínú ọgbà ẹranko tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Òfin wa ni pé kí a ti ẹranko mọ́ yàrá inú kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọgbà lọ gbálẹ̀. Délé kì í ti Jẹ́jẹ́ mọ́bẹ̀. Mo bá a wí, ó ní kí n fi òun sílẹ̀ jàre, pé ṣé ọmọ tí òun fọwọ́ òun tọ́ ni yóò pa òun jẹ?

Lọ́jọ́ yẹn, ó ń gbálẹ̀, Jẹ́jẹ́ sùn sábẹ́ igi lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó wá wòran bi í láti ìta pé ọmọ ibo ni. Ó ní Ayétòrò. Bàbá náà ní ará Ìdogò ni àwọn, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé wọn kì í dọ̀bálẹ̀ mọ́ l'Áyétòrò ni. Délé rẹ́rìn-ín, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó nà gbalaja bí ẹ ṣe kọ́ ọ. Ẹni tó bá wólẹ̀, tó kẹ́yìn sí kìnnìún, ẹran ló jọ lójú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ fò mọ́ ọn. Kó tó di pé a lé e kúrò, ọ̀rọ̀ ti parí.

Mo mọ̀ pé ẹ ó máa rò ó pé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ má rò ó bẹ́ẹ̀. Ìkíni yẹn dára. Ilẹ̀kùn tí kò tì ló pa á.

Ẹ ní kí n máa bọ̀ nílé. Mi ò tíì lè wá. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá inú wà báyìí, àwọn tuntun tó ń gbálẹ̀ sì ti tún ń pe Jẹ́jẹ́ ní ọmọ àwọn. Bí mo bá lọ, wọn ò ní tì í.

Kí Ọlọ́run dá yín sí, kí ẹ má sunkún ọmọ mọ́. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà àti àwọn ọmọ. Lójoojúmọ́, màá máa ti ilẹ̀kùn yẹn kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Bí àgbàlagbà bá kí mi nígbà tí mo wà nínú ọgbà, ìdúró ni màá fi dáhùn. Tí mo bá jáde, màá kúnlẹ̀.

Èmi ọmọ yín,
Fúnmi