Ta Ló Fẹ́ Ọmọ Ọmọ Mi?

Ọmọ mi ọkùnrin,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àga tìmùtìmù yín tí ìyàwó rẹ tẹ́ aṣọ lé kí n tó jókòó lọ́jọ́sí. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ aláìlólùṣọ́ yóò máa ṣọ́ yín. Àwa níbí wà láàyè, orókún mi nìkan ló ń ṣọ̀tẹ̀, òrùlé yàrá ẹ̀yìn sì ń jò bó ṣe ń jò lọ́jọ́ tí o ṣèlérí pé o máa tún un ṣe.

Ìyá Kékeré, ọmọ rẹ, ló máa mú lẹ́tà yìí bọ̀ lọ́la tí ìsinmi bá parí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Lọ́jọ́ kejì tó dé, ó lọ wẹ̀, mo ń tú ẹrù rẹ̀ kí n lè fọ aṣọ, ni mo rí ìwé kan. O mọ̀ pé Yorùbá nìkan ni wọ́n kọ́ wa ní iléèwé àgbà. Gẹ̀ẹ́sì kún inú ìwé náà bí eèrà, orúkọ ọmọ wà lókè, láàárín ni wọ́n wá kọ ohun tí mo lè kà sí gàdàgbà: Fe. Wọ́n kọ 26 lé e lórí. Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Ọmọ ọdún mẹ́wàá! Ta ni géńdé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó fẹ́ ẹ, tí iléèwé tún bá a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé? Mo so ìró mọ́dìí, ó di ilé ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé lódìkejì wa, mo ní kó bá mi kọ̀wé sí ọlọ́pàá.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́. Ó ní irin ni. Ó ní tíṣà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣèwádìí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí Ọlọ́run fi dá ayé, irin ló kan tiwa, Fe sì ni àmì rẹ̀. Mo ní ta ló ń pe irin ní Fẹ́? Ó ní èdè àwọn kan tó ti kú tipẹ́ ni. Mo ní ṣé àwọn òkú ló wá ń fún ọmọ wa níṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ní 26 kì í ṣe ọjọ́ orí, nọ́ńbà irin ni. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, obìnrin inú rẹ̀ ní nọ́ńbà náà kò pé. Ó tún ní ìwọ̀n irin jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta dín díẹ̀. Mo mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀, a gbé odindi ọ̀pá irin sórí òṣùwọ̀n, kò tilẹ̀ tó méjìlá. Sọ fún tíṣà yín kó ṣọ́ ẹni tó ń bá a ra irin, wọ́n ń rẹ́ ẹ jẹ.

Wẹ́dà yìí ló fún Ìyá Kékeré ní ìṣó mẹ́ta. Ó ní kó sọ ọ̀kan sínú ìgò omi, kó fi òróró pa ọ̀kan kó tó sọ ọ́ sómi, kó fi ẹ̀kẹta sínú ìgò gbígbẹ, kó wá máa wò wọ́n. Láràárọ̀, ọmọ náà kò ní tíì fọnu tí yóò ti fikùn lélẹ̀ níwájú ìgò, tòun ti ìwé àti pẹ́ńsùlù. Lọ́jọ́ kẹta, ìṣó inú omi pọ́n, ó dípẹtà, olóróró kàn ń dán ní tiẹ̀, ti inú ìgò gbígbẹ kò sì mira. Ó pariwo débi pé mo rò pé ejò ni. Ó ní, Màmá àgbà, omi àti afẹ́fẹ́ ló pawọ́ pọ̀ jẹ ẹ́. Mo ní mo mọ àwọn méjì bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yìí.

Àfi bí dírẹ́bà rẹ ṣe gbé páálí ńlá tí wọ́n kọ̀wé sí dé lánàá, tí ohùn rẹ sì wọ inú fóònù. Mo ń dá ọ lóhùn, o kò dúró gbọ́, o kàn ń bá tìrẹ lọ, bí o ṣe máa ń ṣe. O ní o ti sanwó fún ọkùnrin kan tó ń bá àwọn ọmọ olówó ṣe iṣẹ́ iléèwé, kí ọmọ kàn kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kó da àwọn ìgò tó sọ fún ìyá rẹ̀ yẹn nù kí wọ́n má baà dójú tì ọ́ láàárín àwọn òbí. Iná pupa àti aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára páálí. Ọmọ wò ó, ó wọ yàrá lọ sunkún. Mo ní kí ló dé. Ó ní Dádì kò tilẹ̀ béèrè ohun tí òun rí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo pe ọ̀gá iléèwé kó wá ka páálí náà fún wa. Ó kà á, ó tún un kà, ó ní bàbà ni ọkùnrin tí o sanwó fún kọ síbẹ̀, kì í ṣe irin. Mo ti fi páálí náà ṣíji bo adìẹ tó ń sàba, kò sì ráhùn.

Ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú àpò ọmọ, mo fi aṣọ wé wọn. Òun ló kọ ìwé rẹ̀, pẹ̀lú ibi tó ti ṣì í kọ tó sì pa á rẹ́. Má fọwọ́ kàn án. Bí tíṣà bá béèrè ọ̀rọ̀, jẹ́ kí ọmọ dáhùn. Bó bá jẹ́ pé máàkì ń wu ìwọ náà, kò burú, ìwé kíkà kò lọ́jọ́ orí. Mo ti bá aránṣọ sọ̀rọ̀, ó ní òun lè rán ṣòkòtò péńpé kakí fún ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, kí o ṣáà fi ìwọ̀n ìbàdí rẹ ránṣẹ́. Fi owó aṣọ àti ti bọ́tìnì sí i, àti owó páànù. Má fi sí báǹkì o, ẹ̀rọ tó ń pọ owó níbẹ̀ ní kí n sọ nọ́ńbà àṣírí mi fún òun, bẹ́ẹ̀ a kò tíì mọra.

Kí orí ọmọ rẹ gbé ọ débi tí owó rẹ kò lè gbé ọ dé. Kí ẹnu rẹ̀ má ṣe gbẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó sọ̀rọ̀. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, tó fúnra rẹ̀ bí ọ, tí kò háyà ẹnikẹ́ni.