Má Fi Àgádágodo Ti Adágún Omi Wa

Ilé Aránṣọ,
Ẹ̀yìn Tàkíè,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì, ọdún 1989.

Waliyat ọmọ mi,

Mo kí ọ bí bàbá ṣe ń kí ọmọ tí kò gbàgbé ilé. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o ríbi ní Èkó. Àwa náà wà, orúnkún mi ṣì ń dùn mí, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, ọ̀kan kú nínú wọn, ẹ̀rọ ìránṣọ mi sì ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́tà rẹ ti dé ọwọ́ mi. O ní o gbọ́ pé àwọn ènìyàn ń da adágún omi rú, èyí tí o ní kí Akínwálé bíríkìlà, ará Ọ̀yọ́, wá ṣe sí ẹ̀yìn ilé fún mi lẹ́yìn ikú ìyá rẹ, àti pé ní Sátidé tó ń bọ̀ o máa rán an padà wá pẹ̀lú wáyà àti àgádágodo. Jọ̀ọ́, fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé.

Nígbà tí Akínwálé parí iṣẹ́, ó ní o ní kí n máa jókòó síbẹ̀ kí n máa wò ó. Mo rẹ́rìn-ín, torí mo mọ ọmọ tí mo bí, kò sí bí o ṣe lè kó sìmẹ́ǹtì tó tó yẹn sínú ilẹ̀ nítorí kí ènìyàn lè máa wo omi. Ó yé mi pé sàráà ni o ṣe fún ìyá rẹ, o ò kàn fẹ́ ṣe ṣekárími ni. Ibi àlùwàlá ni. Kànga mọ́ṣáláṣí sì ti gbẹ láti ìgbà ọyẹ́, mo bá lọ sọ fún Álífà Israfil, Lèmọ́mù wa, wọ́n sì kéde lẹ́yìn ìrun alásárì pé sàráà ìyá rẹ ni, kí gbogbo èèyàn máa wá lò ó.

Gbogbo ohun tí o kó síbẹ̀ ló wúlò. Orí àwọn òkúta pẹlẹbẹ tó yí i ká ni àwọn àgbà ń jókòó sí láti fọ ẹsẹ̀. Páìpù tó ń tu omi sókè láàárín, mo kọ́kọ́ rò pé ó bẹ́ ni, mo fẹ́ gbé odó lé e lórí, ṣùgbọ́n Álífà ní ká tẹ ẹnu ẹ̀ wálẹ̀, ní báyìí tí NẸ́PÀ bá ti mú iná wá, omi ń dà lẹ́nu ẹ̀ bíi ti bútà. Gúlóòbù abẹ́ omi ń ran àwọn tó ń bọ̀ fún ìrun àsùbáà lọ́wọ́, àmọ́ Ìyá Safurat ojúlé kejì ní òun ò ní ki ọwọ́ bọ omi tí iná ń jó nínú ẹ̀ láéláé. Afárá kékeré yẹn ló yà mí lẹ́nu, torí omi tí ewúrẹ́ lè fò kọjá ò nílò afárá, àfìgbà tí mo rí i tí wọ́n ń to bàtà sí i lórí.

Àwọn ẹja pupa wà láàyè. Ọládépò ọdẹ bi mí bóyá wọ́n ti tó sun, mo ní ẹja sàráà ni. Òṣíbàtà tí o fi láílọ́ọ̀nù wé wá láti Èkó ni mi ò mọ ohun tí mo lè sọ sí, torí òun la máa ń bẹ èèyàn lọ́wẹ̀ láti ro kúrò lójú odò ní Ìrẹsà nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n ìwọ lo rà á, mo fi í sílẹ̀.

Ẹyẹ sìmẹ́ǹtì ọlọ́rùn gígùn yẹn ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Álífà ní àwọn ò lè máa ṣe àlùwàlá níwájú ère. Mi ò sì lè fọ́ ohun tí ọmọ mi rà, mo bá wọn ọrùn ẹ̀, mo wọn àyà ẹ̀, mo rán jálàbíà funfun fún un, mo dé e ní fìlà. Ẹnu ẹ̀ la ń fi bútà kọ́ báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Safurat kí i, kò dáhùn, ó wá fi ìbínú sọ fún mi pé álífà àlejò mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

Òótọ́ ni pé wọ́n ti tẹ koríko tí o gbìn mọ́lẹ̀, omi náà ò sì mọ́ gaara mọ́. Ẹni tó ròyìn fún ọ ò purọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ, èmi nìkan ló ń pe orúkọ ẹ̀, Àsímáwù, nínú ilé yìí. Mo máa ń gbàgbé, n ó pè é pé kó bá mi wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́, n ó tún wá rántí. Ní báyìí, ẹni tó bá ṣe àlùwàlá tán, kó tó mú bàtà ẹ̀ lórí afárá, á ní, “Ọlọ́run kẹ́ Àsímáwù.” Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni, èmi náà á sì máa ṣe àmín lórí òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyẹ. Àárò ẹ̀ ń sọ mí, Waliyat. O ní kí n máa jókòó kí n máa wò ó, mò ń wò ó. Tí o bá ti ibẹ̀ pa, èmi nìkan ni n ó tún máa pè é.

Nítorí náà, dá wáyà àti àgádágodo padà fún ẹni tó tà á. Owó ẹ̀ ni kí o fi ránṣẹ́ ká fi ra bútà àti ẹní díẹ̀, kí o sì fi aṣọ tétírọ́nì funfun kún un, torí jálàbíà kan ṣoṣo ni ẹyẹ náà ní, ó sì ń dọ̀tí. Tí o bá ráyè, máa bọ̀ nílé. Òkúta kan wà tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí omi gbẹ lọ́dọ̀ rẹ. Ilé ọkọ rere á kàn ọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní bàjẹ́. Tí o bá ka lẹ́tà yìí débí, kí ìwọ náà sọ ọ́ síta lẹ́ẹ̀kan pé Ọlọ́run kẹ́ Àsímáwù. Mo ti ṣe àmín sílẹ̀ dè ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ráímì Aránṣọ.