Ẹni Tó Ń Ṣe Èmi Nínú Eré Ṣògo

Thamesmead,
London.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Mùjídì ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, àti pé iná mànàmáná ń wá sí àdúgbò yín nígbà tó bá rántí. Ara tèmi náà le. Ìlara ló ń ṣe mí, mo sì rò pé kí n tètè sọ ọ́ kí o má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu Ṣògo.

O rántí pé èmi àti Ṣògo la jọ kúrò ní Pólì, tá a sì jọ wá síbí. Lọ́dún tá a dé, kóòtù òtútù kan ṣoṣo la ní, èyí tá a rà ní ọjà Beresford Square. Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó lọ́sàn-án, òun ń gbálẹ̀ lálẹ́ nílé gíga kan létí odò ní Woolwich. Bí mo bá ti wọlé ni màá bọ́ kóòtù, òun á gbé e wọ̀ tòun ti ooru ara mi. Mi ò tíì rí tọkọtaya tó ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ará Kòlóńbíà àti Bòlífíà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbálẹ̀. Àwọn tó ni ilé náà kì í jẹ́ kí àwọn agbálẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà iwájú. Ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ike ìdọ̀tí, ni wọ́n ń gbà wọlé. Àwọn Látínò yìí ní ẹgbẹ́ tó ń jà fún wọn, Auntie Lucía sì ni olórí. Wọ́n gbé pátákó ìwọ́de, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ni wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ náà di eré orí ìtàgé. Àwọn mìíràn nínú wọn kò ní ìwé ìgbélùú, wọn ò lè fi orúkọ ara wọn sọ̀rọ̀. Lórí ìtàgé, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń jẹ́.

Ṣògo bá wọn lọ síbi eré náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday kan. Kò padà wá jẹun lọ́dọ̀ mi ní Sunday mọ́. Mò ń se ìrẹsì ẹni méjì, mò ń dá a jẹ. Mo ti sanra. O máa ní ṣé ìyàwó mi ni Ṣògo ni. Rárá. Ìyàwó á ti bẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí n yá òun ní kóòtù wa. Mo bi í bóyá òtútù ń mú un. Ó ní rárá, Ernesto ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ìtàn wa ló kó fún wọn: ọ̀rẹ́ méjì, kóòtù kan. Ṣògo ń ṣe Ṣògo. Ernesto, ọmọ Kòlóńbíà kan tó ga bí òpó iná, ló ń ṣe èmi.

Mo lọ wo eré náà. Ìdajì àwọn òǹwòran jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì Ṣògo, nọ́ọ̀sì míì ò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Wọ́n dé ibi tí Ṣògo ti yọ̀ lórí yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, tòun ti garawa. Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, èmi ni mo gbé e dìde. Nínú eré, Ernesto kàn dúró ni, kí gbogbo wa lè ronú. Wọn ò mọ̀ pé èèyàn kì í ṣubú lójú Yorùbá kí ẹnu dákẹ́. Ìlà ẹ̀yìn hó lẹ́ẹ̀kan náà: "Pẹ̀lẹ́ o." Mummy kan tún bi í bóyá orúnkún ló fi lulẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí ìtàgé, mò ń gbọn aṣọ rẹ̀.

Ṣògo sọ sí mi létí pé, "O pẹ́ kó o tó dé."

Mo ní, "Ìwọ lo ò pè mí."

Mo rò pé Auntie Lucía á bú mi. Ó dì mọ́ mi, ó ní kí n wá lọ́jọ́ kejì, kí n wá ṣe ara mi wò. Mo lọ, mo ṣe é. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, má bínú. Ernesto jọ ọ́ jù ọ́ lọ." Ṣògo rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n wá fún mi ni pé kí n máa jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, kí n máa kọ́kọ́ kí Ṣògo bó bá ti ṣubú. Ní Saturday tó kọjá, mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́. Àwọn èèyàn kí i, kò dìde. Ó sùn sílẹ̀ lórí pákó, ó ń wo ìlà ẹ̀yìn, Ernesto ń làágùn nínú kóòtù wa. Nígbà tí mo wá ní "Pẹ̀lẹ́," ó dìde.

Ọlọ́run á ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún ìwọ àti ilé rẹ, á sì ṣí ti àwọn tó ń gba ẹ̀yìn wọlé níbí. Ẹ ò ní ṣubú. Bí ẹsẹ̀ yín bá sì yọ̀, ẹ ó rí ẹni kí yín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti Pólì,
Fèyíṣayọ̀.

Mo gbàgbé: kóòtù náà ṣì wà lọ́wọ́ Ernesto, òtútù sì ti dé. Ṣògo ní òun á ra tuntun fún mi, tèmi nìkan. Mo kọ̀. Kí ni mo fẹ́ fi kóòtù èmi nìkan ṣe?