Igba Mìlímítà Ni, Bàbá Mi

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara wa le. Màámi ti padà sídìí ọjà wọn, wọ́n sì ń bá gbogbo àdúgbò jà lórí omi ẹ̀rọ. Yàrá yẹn náà la ṣì wà ní Ajégúnlẹ̀. Mo ti kùn ún. Ọ̀dà tó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ ni mo lò, ìdí nìyẹn tí ògiri méjì fi jẹ́ búlúù tí méjì yòókù sì funfun. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ìròyìn tí mo mú wá rèé: mo ti ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán iṣẹ́! Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà alájórin lẹ́yìn Warehouse Road náà ni, níbi tí mo ti ń kọ rìsíìtì. Oṣù mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, Sátidé Sátidé, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ tí mo fi ń bọ̀. Ọ̀gá wa wá ní kí n ya iṣẹ́ kan wò: pẹpẹ onírin tí wọ́n á máa to ẹrù sí, lórí òpó mẹ́jọ, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Liverpool Road. Ṣùgbọ́n wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé bí àwòrán mi bá ba iṣẹ́ jẹ́, kọ̀ǹpútà á padà sínú páálí, èmi náà á padà sídìí rìsíìtì.

Ẹ mọ̀ mí, mi ò fẹ́ tẹ bébà méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí bébà kan. Nínú àwòrán ńlá, mìlímítà kan lórí bébà dúró fún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní igun ìsàlẹ̀, mo ya ẹsẹ̀ òpó kan tóbi díẹ̀ sí i kí ihò rẹ̀ lè hàn, níbẹ̀ mìlímítà kan dúró fún ogún. Ẹsẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan ní irin pẹlẹbẹ tó jẹ́ 300 mìlímítà níbùú àti lóròó, ihò mẹ́rin sì wà lára rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ wọ bóòtù mẹ́rin tí àwọn bíríkìlà ti rì mọ́ ilẹ̀. Mo kọ 300 síbẹ̀. Mo gbàgbé láti kọ bí ihò ṣe jìnnà síra.

Bọ̀ọ̀dá Sàlámì, olórí àwọn alájórin wa, ọmọ Ìsẹ́yìn, ké sí mi láti ìta.

“Ìwọ ọmọ yìí, ihò sí ihò, mélòó?”

Mo tẹ ihò méjì ní igun yẹn lójú kọ̀ǹpútà, ó ní 250. Mo pè é fún wọn. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí irin àkọ́kọ́.

“Ihò yìí mà sún mọ́ etí jù o. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ló kù. Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Bọ̀ọ̀dá, kọ̀ǹpútà kì í parọ́.”

“Ehn, kì í parọ́. No be im go carry load sha!”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì tan dírììlì.

Bàbá mi, ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n jókòó. Mo tún tẹ etí irin sí ihò, kọ̀ǹpútà ní 62.5. Bọ̀ọ̀dá ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo rò ó pọ̀: 62.5 lọ́nà méjì, pẹ̀lú 250, ó di 375. Irin tó wà níta sì rèé, 300 ni, èmi fúnra mi ni mo fi téèpù wọ̀n ọ́n. Mo fi 300 pín 375. Mo fi ogún pín mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Iye kan náà ló jáde. Ìwọ̀n àwòrán ńlá ni kọ̀ǹpútà ń lò fún igun kékeré, nítorí mi ò sọ fún un pé igun yẹn ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Mo sáré jáde bí ẹni tí agbọ́n ta.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, igba ni!”

“Igba kẹ̀? Àádọ́ta yòókù wá lọ síbo?”

Wọ́n ti lu ihò kan.

Ẹ̀yin lẹ sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ rántí téèpù yín tí ẹnu rẹ̀ ti gé, tí ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láti orí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá? Ọjọ́ kan ẹ gbàgbé, ilẹ̀kùn ìyá kan ní Ìjọra Badia sì fi mẹ́wàá kúrú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Ṣé ó dùn yín nígbà yẹn? Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Bọ̀ọ̀dá ní kí n dákẹ́, pé àwọn á fi iná dí ihò náà, “who go know?” Wọ́n ṣàánú mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo lọ sọ fún Ọ̀gá. Wọ́n bi mí.

“Ihò mélòó?”

“Ẹyọ kan, sà.”

“Ó dáa. Páálí kọ̀ǹpútà ṣì wà níbẹ̀ o. Jẹ́ ká dé ọ̀hún ná.”

Mo padà lọ fún igun náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, mo tún wọ̀n ọ́n. Ihò sí ihò, 200. Etí sí ihò, 50. Àpapọ̀, 300. Síbẹ̀ mi ò lè jẹun títí di Ọjọ́bọ̀ tí a lọ sí Liverpool Road.

Wọ́n gbé irin àkọ́kọ́ lé bóòtù, ó wọlé. Ìkejì wọlé. Mo ń kà á lábẹ́ ahọ́n. Èyí tí wọ́n fi iná dí ihò rẹ̀ ló kẹ́yìn, òun náà rọra sọ̀kalẹ̀ láìsí òòlù.

“Chai! Bí àkàrà ṣe ń wọnú búrẹ́dì!” Bọ̀ọ̀dá Sàlámì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ràn kọ̀ǹpútà!

Ọ̀gá ò yìn mí. Wọ́n kàn fa bébà kan yọ lápò, wọ́n nà án sí mi: àtẹ̀gùn onírin tí wọ́n á fi máa gun pẹpẹ náà.

“Yà á kó tó di Monday. Kọ nọ́ńbà sí gbogbo ẹ̀ o. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún máa pariwo ‘mélòó’ láti ìta.”

Ìgbésẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni àtẹ̀gùn náà, Bàbá mi. Mo ti ya mọ́kànlá.

Ẹ sùn ire. Ọkàn mi ò kúrò lọ́dọ̀ yín.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín.