Orúkọ Tí Rọ́bà Ò Lè Pa Rẹ́

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta
Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí: àga mọ́kànlélógún, ẹsẹ̀ ọ̀kan ti yẹ̀. Àwòrán ọkọ̀ omi kan tó jóná, mẹ́ta. Bàtà ọmọdé kan nínú ọ̀rá. Ìwé ìgbaṣẹ́ àwọn ológun, ogójì ewé. Obìnrin kan tó wé gèlè búlúù, ìyàwó awakọ̀ omi tó kú. Ó ti dé kí a tó ṣílẹ̀kùn kóòtù.

Mo kọ nọ́ńbà sí gbogbo ẹ̀rí. Iṣẹ́ mi nìyẹn.

Ẹjọ́ náà: ẹ̀rọ ogun tó ń fò, tí ẹnikẹ́ni ò wà á, ló dá yan ọkọ̀ omi yẹn, ó sì ju àdó olóró sí i. Ènìyàn mẹ́rin ló kú. Ta ni yóò dáhùn fún un?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ní àwọn ológun ló lò ó. Ọ̀gá ológun ní ẹ̀rọ ló dá yàn. Bí ẹni pé wọ́n ń ju ẹ̀yinná síra wọn. Ọ̀dọ́ ológun kan tó wọ gíláàsì jókòó lẹ́yìn ọ̀gá náà — Onígíláàsì ni mò ń pè é — ó ń wo bàtà ara ẹ̀.

Agbẹjọ́rò àwọn olóògbé — Abẹ́rẹ́ ni mò ń pè é, obìnrin náà tín-ín-rín, ó sì mú — ní, "Ṣé kí n wá lọ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de irin ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Gèlè Búlúù ò rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ rí i. Ó lọ bẹ̀ ẹ́, lójú gbogbo wa: "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi." Mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Ọjọ́rú, 6
Òjò. Kóòtù ò jókòó.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ẹni tó bá máa tú ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ pé kó máa dá pinnu gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ìgbaṣẹ́. Pẹ́ńsùlù lákọ̀ọ́kọ́, bírò tí iṣẹ́ bá parí. Ewé kẹtàdínlógún, ọjọ́ ikú: òfìfo. Wọ́n ti fi rọ́bà pa orúkọ ibẹ̀ rẹ́. Àmọ́ ọwọ́ ẹni náà wúwo. Mo gbé ewé tó tẹ̀ lé e sí ojú fèrèsé — orúkọ náà ti tẹ̀ wọlé. Orúkọ Onígíláàsì ni.

Mo fi han Bàbá Òǹtẹ̀, ọ̀gá mi. "Òkèèrè la ti ń wo igi ganganran o, ọmọ mi. Títò ni wọ́n ní ká to ìwé." Ó wá ti òǹtẹ̀ sọ́dọ̀ mi. "Lù ú. Kó má baà sọnù."

Ọdún kan ló kù kó fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Mo gbé ewé náà lọ fún Abẹ́rẹ́. Ó ní, "Àbúrò, ojú ẹ mà mú o!" Ó ní ká kọ́kọ́ fi han adájọ́ àti agbẹjọ́rò tòdìkejì. Òun kì í dẹ pàkúté.

Ọjọ́ Ajé, 11
Abẹ́rẹ́ ò pariwo. Ó gbé ewé náà fún Onígíláàsì: "Ẹ bá wa kà á."

Ọ̀gá ẹ̀ wúkọ́. Wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Onígíláàsì ò wò ó. Gèlè Búlúù ló wò.

"Orúkọ mi ni. Ó yẹ kí n wo ọ̀nà omi tí ọkọ̀ ń gbà fún ìṣẹ́jú méjì kí n tó tú ẹ̀rọ sílẹ̀. Mi ò wò ó. Ọ̀gá mi ní kí n pa orúkọ mi rẹ́. Ọwọ́ mi ló sì pa á rẹ́."

Gèlè Búlúù ní, "Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń wá ẹni tí yóò sọ pé òun ni." Kò sunkún. Ó tún gèlè wé.

Adájọ́ ní kí ọ̀gá ológun náà dìde. Ó dìde.

Mo fi pẹ́ńsùlù kọ èyí, mo wá fi bírò kọ ọ́ lé e lórí. Aago mẹ́jọ alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo dùbúlẹ̀.